Ọkàn Òṣìṣẹ́ Kì í Ṣe Irin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kan méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ikú òjijì ni, pàápàá jù lọ ikú àwọn tí wọn kò tíì pé ogójì ọdún.

Tẹ́lẹ̀, bí a bá gbọ́ pé àrùn ọkàn ló pa ènìyàn, arúgbó tàbí ọlọ́rọ̀ tí ń fi ọkọ̀ rìn káàkiri ni a máa ń rò. Ṣùgbọ́n a ti ń rí ẹni ọdún 30 àti ẹni ọdún 35, tó jẹun alẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tó wọ sífíìtì òru, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a. Bí a bá dé ilé òkú, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹnu ń sọ: "Ayé ló ṣe é." "Wọ́n ta á lọ́fà ni." A ó sunkún, a ó dáwó fún opó, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì ní sí ohun kan tí a yí padà. Títí di ọjọ́ tí a ó tún gbọ́ ti ẹlòmíràn.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ tiwa, bí bíárìn bá jó, a kì í sọ pé ayé ló jó o. Ohun tí a máa ń béèrè ni pé ìgbà wo ni wọ́n fi gírísì sí i kẹ́yìn, wákàtí mélòó ni wọ́n sì fi ń lo ẹ̀rọ náà láìsinmi. Kí ló dé tí a kì í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nípa ara ènìyàn? Èrò tèmi ni pé ó tó àkókò kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí béèrè rẹ̀, kí a sì gbé ìdáhùn rẹ̀ lọ síwájú àwọn ọ̀gá.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA

Ọkàn ènìyàn kò ju ìkúùkù lọ, ṣùgbọ́n ó ń lù tó ìgbà 100,000 lójoojúmọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Òun fúnra rẹ̀ sì ní àwọn iṣan kéékèèké tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yóò há. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rá náà lè sán, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lójú ibẹ̀, ọ̀nà yóò sì dí pátápátá. Apá ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Èyí ni ìkọlù ọkàn. Kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ nígbà gbogbo. Ó lè fún ni ní wákàtí kan tàbí méjì, àkókò yẹn gan-an ni dókítà lè fi gba ẹ̀mí là.

Ohun kejì wà tí àwa máa ń pè lórúkọ kan náà, ṣùgbọ́n tí ó yàtọ̀. Èyí ni kí ọkàn ṣàdédé dákẹ́ iṣẹ́. Ẹni náà yóò ṣubú, kò ní dáhùn, kò ní mí dáadáa. Ìkọlù ọkàn lè fa èyí. Àbùkù tí a bí mọ́ ènìyàn lè fà á, ọkàn tí ó ti tóbi jù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì lè fà á. Ìṣẹ́jú ni ti èyí, kì í ṣe wákàtí.

Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀dọ́ tàbí alágbára kò lè ní irú àrùn bẹ́ẹ̀, kí ó bi àwọn ẹ̀gbọ́n wa léèrè nípa 12 August, 1989. Lọ́jọ́ náà, ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè l'Ékòó, Samuel Okwaraji ṣubú nígbà tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà. Ẹni ọdún 25 ni. Kò tún dìde. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní 26 June, 2003, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù kú bẹ́ẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ẹni ọdún 28. Ní 8 March, 2020, Chineme Martins tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nasarawa United ṣubú ní Lafia, ẹni ọdún 22, òun náà kú.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo apá kejì. Ní 17 March, 2012, Fabrice Muamba, ẹni ọdún 23, ṣubú lórí pápá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkàn rẹ̀ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 78. Ó yè. Ní 12 June, 2021, Christian Eriksen ti Dẹ́ńmáàkì, ẹni ọdún 29, ṣubú ní Copenhagen. Ó yè, ó sì padà sórí pápá ní 2022. Àwọn tó mọ ohun tí wọ́n lè ṣe wà nítòsí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà wọn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná jí ọkàn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè tèmi ni pé: bí ọ̀kan nínú wa bá ṣubú nídìí ẹ̀rọ ní aago mẹ́ta òru, ta ni yóò sáré wá, kí sì ni ó mọ̀ ọ́n ṣe?

IṢẸ́ WA NÍ ỌWỌ́ NÍNÚ RẸ̀

Ní May, 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní ní ọdún 2016 nìkan, ènìyàn 745,000 ló kú káàkiri ayé nípa rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn nítorí iṣẹ́ àṣejù. Nínú wọn, 347,000 ni àrùn ọkàn pa. Wọ́n fi ẹni tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wé ẹni tí ń ṣe wákàtí 35 sí 40. Ewu kí rọpárọsẹ̀ mú ẹni àkọ́kọ́ fi ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹnì kejì lọ, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 nínú 100 jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ka tiwa. Ẹni tó bá ń ṣe sífíìtì wákàtí 12 fún ọjọ́ 6, wákàtí 72 ló ṣe lọ́sẹ̀ kan. Dérébà tó bá gbé bọ́ọ̀sì jáde ní aago mẹ́rin ìdájí tí kò wọlé títí di aago mẹ́wàá alẹ́, wákàtí 18 ló ti lò lójú títì lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta kò tíì pé kí ó tó kó wákàtí 54 jọ. A kò tíì ka wákàtí tí a fi ń wọ ọkọ̀ lọ sílé, àti èyí tí a fi ń dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Àwọn ará Japan ti ní ọ̀rọ̀ kan fún ikú iṣẹ́ àṣejù. Karoshi ni wọ́n ń pè é. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni òṣìṣẹ́ ẹni ọdún 29 kan ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí rọpárọsẹ̀ pa ní 1969. Àwọn opó àti àwọn lọ́yà jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó gbọ́. Ní 2018 wọ́n ṣe òfin tó fi òpin sí ófátáìmù, láti April 2024 sì ni ófátáìmù awakọ̀ ẹrù ní Japan kò ti gbọ́dọ̀ ju wákàtí 960 lọ lọ́dún kan. Wákàtí yẹn ṣì pọ̀ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ó ní òpin. Èwo ni òpin tiwa?

ỌWỌ́ TIWA NÁÀ WÀ NÍBẸ̀

Kì í ṣe ọ̀gá nìkan ni mo ń bá wí. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní INTERHEART, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2004, fi hàn pé ohun 9 péré ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́: sìgá, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn ńlá, ìdààmú ọkàn, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó, ọ̀nà tí a ń gbà mu ọtí, àti àìfi ara ṣe eré ìmárale. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àyànmọ́.

Ẹ wá wo gáréèjì àti ẹnu géètì wa. Paraga ní àárọ̀ kí ojú lè là. Energy drink inú agolo ní ọ̀sán, méjì tàbí mẹ́ta. Sìgá láàárín rẹ̀. Ní alẹ́, oògùn ara ríro tí kò ní orúkọ, tí wọ́n pò mọ́ra nínú ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé irú oògùn bí diclofenac àti ibuprofen máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, ó sì lè dá kún ewu ìkọlù ọkàn bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, bí ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan. Ẹ bi ara yín léèrè iye tó wà nínú ọbẹ̀ bùkátéríà, kí a tó fi màgí kún un.

Èyí tó burú jù ni ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí kì í sábà ṣe ẹni bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà tó tó bílíọ̀nù 1.28 ló ní i láàárín ẹni ọdún 30 sí 79, ìdá 46 nínú 100 wọn ni kò sì mọ̀ pé àwọn ní i. Bí ìfúnpá bá ń wà ní 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tí ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹni náà lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá. Oògùn náà ló mú un yá. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.

ÀWỌN TÍ YÓÒ TA KÒ MÍ

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Sitúwáàdì, ófátáìmù la fi ń jẹun, ṣé o fẹ́ kí ebi pa wá ni?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò sì ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Bí owó oṣù ọjọ́ iṣẹ́ wákàtí 8 kò bá tó fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ, ènìyàn yóò ta wákàtí 4 kún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: bí òṣìṣẹ́ bá ní láti fi ẹ̀mí rẹ̀ dí àlàfo owó oṣù, owó oṣù ló kéré, kì í ṣe wákàtí ló kéré. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wákàtí àti ọ̀rọ̀ owó, tábìlì kan náà ni a ó gbé wọn sí. Ẹgbẹ́ tó bá lọ bẹ̀bẹ̀ fún ófátáìmù nìkan ń ran ọ̀gá lọ́wọ́ láti san owó díẹ̀ fún iṣẹ́ púpọ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Bí wọ́n bá wọn ìfúnpá mi tí wọ́n rí i pé ó ga, wọn á lé mi." Ìbẹ̀rù yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lọ sí kílíníìkì, kò sì jẹ́ ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà kí ilé-iṣẹ́ kàn gbé ẹ̀rọ ìfúnpá wá láìsí àdéhùn. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nínú káàdì òṣìṣẹ́, ti òṣìṣẹ́ àti dókítà ni. Kò gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì máníjà. Bí dókítà bá ní kí ẹnì kan kúrò ní iṣẹ́ òru, kí wọ́n gbé e sí iṣẹ́ ọ̀sán, kí owó rẹ̀ má sì dín.

Àwọn ọ̀gá náà yóò ní tiwọn: "Àìsàn ilé ni, kò kàn wá." Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ibi ìdìpọ̀ ẹrù, ẹni ọdún 34. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ó sọ fún fọ́máànù pé àyà ń fún òun, pé apá òsì òun wúwo. Fọ́máànù ní kí ó mu omi kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí ẹrù gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní inú kíkún ni, wọ́n fún un ní oògùn. Ní aago mẹ́rin ó jókòó lórí páálí, kò dìde mọ́. Kílíníìkì ti wà ní títì láti ìrọ̀lẹ́, dérébà tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sílé. N kò lè búra pé ì bá yè bí wọ́n bá tètè gbé e. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì gbáko ló fi wà láàyè láàárín ènìyàn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ó ń wò. Kò ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 13, sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí gbogbo rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, àti pé nínú ọjọ́ 7, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan tó pé wákàtí 24 láìjá. Abala 16 fún aláìsàn tí dókítà fọwọ́ sí ní ìsinmi àìsàn tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó. Ṣùgbọ́n lórí iye wákàtí iṣẹ́ gan-an, òfin náà fi í sílẹ̀ fún àdéhùn. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá jókòó ṣe àdéhùn, ọ̀gá ni yóò bá a ṣe é.

Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ ọ́ di dandan fún àwọn agbanisíṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po 3 owó tó ń gbà lọ́dún. Òfin Ìsanpadà Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó iṣẹ́ fún àjọ NSITF, kí a sì fi ìpalára tàbí ikú ẹnu iṣẹ́ tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ náà sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún opó pé kò sí nǹkan fún un kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ àjọ náà. Láti 2022 ni òfin sì ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà. Mélòó nínú wa ló ní káàdì rẹ̀ lápò?

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ̀KA WA BÉÈRÈ

1. Kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, lásìkò iṣẹ́, láìgba kọ́bọ̀, kí èsì rẹ̀ sì jẹ́ ti òṣìṣẹ́ nìkan.

2. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sífíìtì méjì tẹ̀ léra, kí àpapọ̀ wákàtí ọ̀sẹ̀ má ṣe tó 55, kí a sì tún owó oṣù ṣe kí èyí lè ṣeé ṣe.

3. Kí kílíníìkì ṣí, kí ọkọ̀ àti dérébà sì wà ní gbogbo sífíìtì òru.

4. Kí ó kéré tán ènìyàn 2 ní sífíìtì kọ̀ọ̀kan kọ́ bí a ti ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Kí gáréèjì náà ní tiwọn.

5. Kí wọ́n fi ìwé adójútòfò ẹ̀mí àti ti ìlera han aṣojú òṣìṣẹ́.

Kí a tó gba gbogbo èyí, ẹ gé ohun tó kàn yìí pa mọ́. Bí àyà bá ń fún ènìyàn bí ẹni pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, tí òógùn tútù ń bò ó, tí kò lè mí dáadáa tàbí tí èébì ń gbé e, ẹ má ṣe pè é ní inú kíkún. Lára obìnrin, ó lè má ju àárẹ̀ líle, èémí kúkúrú àti ẹ̀yìn ríro lọ. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ má ṣe wa ọkọ̀. Dérébà tó bá ń gbé èrò, kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Bí ó bá ti ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò mí dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe da omi sí i lójú, ẹ má ṣe fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀. Ẹ máa gba ara yín, kí ó má dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ẹ̀yin ará, a kì í gbàdúrà kí bàbá sin ọmọ. Síbẹ̀ ohun tí a ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn, a sì ń fi orúkọ ayé bo ohun tí ọwọ́ lè tún ṣe. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ọ̀gá yóò ra òmíràn láti òkè òkun. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kò ní ibi tí yóò ti ra òmíràn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀, èmi yóò dìde láti gbé ohun márùn-ún yìí kalẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn wá kún mi lẹ́sẹ̀, kí ẹni tí kò fara mọ́ ọn náà wá, kí ó sọ èyí tó dára jù.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa. Ẹ̀mí wa yóò gùn o.